Etí Ọ̀mọ̀ràn: Ìjókòó Àwo Orin ní Bódìjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òwe òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Bí a bá wo òwe yìí fínnífínní, a ó rí i pé iṣẹ́ méjì ni àwọn baba wa yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀: ijó jíjó ni ọ̀kan, mímọ ohun tí ìlù ń wí ni èkejì. Àwa tí a ń jó lóde òní kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n mélòó ni àwa tí a ń fetí sílẹ̀ títí tí a ó fi mọ ohun tí a gbọ́? Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn kan péjọ ní Bódìjà, ní ìlú Ìbàdàn, láti gbọ́ àwo orin.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá kẹ́yìn oṣù ni a máa ń péjọ sí ilé bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yunifásítì. A kì í pé mẹ́wàá. Oníṣègùn kan wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò kan, ẹni tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀, àti èmi olùkọ́ Yorùbá. Orí òkúta pẹlẹbẹ ni giramafóònù Bàbá wà, kí ìrìn ẹsẹ̀ wa má baà mi abẹ́rẹ́ rẹ̀. Gbohùngbohùn méjì tí ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà kọjú sí àga wa. Bàbá a fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ nu ojú àwo, nítorí pé ọ̀tá àwo ni eruku ọyẹ́. Onírédíò a yẹ bátìrì wò, kí iná mànàmáná má baà já wa kulẹ̀. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ilé a pa lọ́lọ́. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé òpin ojú àwo.

Orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù bí Bach, Handel àti Beethoven ni a sábà máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó mú mi lọ́kàn jù lọ ni African Suite tí Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) kọ ní 1944, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Orin olókùn ni, fún fayolíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú háàpù. Ìpín márùn-ún ni ó ní, àárò ilé sì ni ìpín kejì dá lé. Ìpín karùn-ún, tí à ń pè ní Akinla, ni ilé iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi ṣe orin ìṣíde fún ètò Gilmour's Albums, ètò tí ó wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1956 títí di 1997. Ní àwọn ọdún 1960, Ṣówándé ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ló wá dé tí ará Kánádà fi mọ orin rẹ̀, tí ọmọ ilé-ìwé tí ń gba iwájú yunifásítì náà kọjá lójoojúmọ́ kò mọ orúkọ rẹ̀?

Atẹdùùrù ni ó là mí lóye pé ọ̀rọ̀ orin yìí kan iṣẹ́ mi gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni Ṣówándé nígbà èwe rẹ̀ lábẹ́ T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù ilé ìjọsìn ńlá Cathedral Church of Christ ní Èkó. Nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, Phillips ṣàlàyé bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe wọnú ara wọn nínú èdè wa. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ ọkọ tí í ṣe ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí à ń jù lójú ogun. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ kò ti gòkè, ìyàwó lè máa kọrin yin ọkọ rẹ̀ kí ó jẹ́ pé irin iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń yìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin ìsìn nìyí nígbà tí a to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òkèèrè. Àwọn kan kọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó kọ orin ìsìn tí ó bá ohùn èdè wa mu, tí ó sì kọ wọ́n sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1922.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo mú àwo sákárà Yusufu Ọlátúnjí kan lọ sí ìjókòó wa. Agbẹjọ́rò wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, orin òde àríyá nìyí. Orin tí a ń jókòó gbọ́ ni tiwa níhìn-ín."

Bàbá gba àwo náà, ó nu ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń nu ti Beethoven. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná."

A gbọ́ ọ. Gòjé ń dárò lápá òsì, igbá ń dún kéékèèké lápá ọ̀tún, ìlù sákárà sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Lóde àríyá, ariwo àlejò àti ìnáwó kì í jẹ́ kí a gbọ́ ìdajì rẹ̀. Nígbà tí ojú àwo kan tán, agbẹjọ́rò náà ni ó kọ́kọ́ fọhùn. Ó bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì tí olórin náà kì. Oníṣègùn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mọ apá kan rẹ̀. Mo fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ kún un. Agbẹjọ́rò ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá abẹ́rẹ́ padà." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a gbọ́ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìjókòó wa tí a kì í gbé sákárà tàbí àpàlà sórí ẹ̀rọ.

Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òkè òkun ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n sì ń rọ̀ ọ́ kí ó ta àwo rẹ̀, nítorí pé fóònù ti gba gbogbo orin sínú. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé, "Èmi kò wá ẹni tí yóò jogún àwo. Ẹni tí yóò jogún etí ni mo ń wá." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, nítorí pé iwájú ọmọ ogójì ni mo ń dúró sí lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, báwo ni à ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ewì alohùn? À ń kọ àbùdá ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó sójú pátákó, wọ́n ń dà á kọ, wọ́n ń há a sórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìgbọ́ ìjálá rí. Mo wá ń gbé gbohùngbohùn kékeré kan lọ sí kíláàsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni a fi ń gbọ́, láìmú kálàmù dání. Lẹ́yìn náà, kí oníkálùkù kọ ohun tí ó gbọ́: ta ni ó ń lé, ta ni ó ń gbè, níbo ni ohùn ti lọ sílẹ̀? Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà fọhùn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ègbè kò dúró kí lílé tán kí ó tó wọlé. Kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fún wọn. Etí ara rẹ̀ ni ó fi rí i.

Kò dìgbà tí a bá ní ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ yọ okùn fóònù kúrò létí, ẹ pe ẹni méjì tàbí mẹ́ta jọ, ẹ gbé orin àgbà kan sílẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tí olórin wí. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti rú yín lójú, ẹ tọ àgbàlagbà ilé lọ, nígbà tí ó ṣì wà láàyè láti dáhùn.