Ilé Tó Ti Wọṣọ Tẹ́lẹ̀

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí fọ́tò ilé tí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ yàn fún ìgbéyàwó yín ní Yorkshire, inú mi sì dùn. Ogójì èèyàn péré, tí ẹ̀yin méjèèjì wà nínú wọn, lẹ fẹ́ kó jọ. Àwọn àbúrò bàbá rẹ ti ń kùn, ṣùgbọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ìdána tí a máa ṣe níbí lóṣù Kẹjọ yóò gba gbogbo wọn. Ọ̀ṣọ́ tí o ní o fẹ́ ṣe ló ká mi lára: aṣọ funfun láti àjà dé ilẹ̀, òdòdó oníke lára ògiri, àga aláwọ̀ wúrà méjì lórí pèpéle. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má ṣe é.

Iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni mo fi tọ́ ọ, nítorí náà gbọ́ tèmi. Gbọ̀ngán tí a ń yá níbí, ìhòòhò ló máa ń wà. A gbọ́dọ̀ wọṣọ fún un kí ojú àlejò tó lè gbà á. Ilé tiyín ti wọṣọ láti ohun tó lé ní igba ọdún. Àjà rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà, ògiri rẹ̀ ní àwòrán nínú férémù wúrà. Obìnrin tó ti wé gèlè tó dúró dáadáa kì í tún dé fìlà lé e.

Àwọn tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí èèyàn kan ìṣó tàbí lẹ nǹkan mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba àbẹ́là tí iná ń jó lórí rẹ̀. Bi wọ́n léèrè nípa oúnjẹ náà, torí àwọn mìíràn ní orúkọ àwọn alásè tí wọ́n ń gbà wọlé. Epo pupa kì í ṣí lára kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́, nítorí náà kí ọ̀fadà àti ẹ̀fọ́ rírò wà nínú àgọ́ ìta.

Má gba gbọ̀ngán tó tóbi jù. Tí ogójì èèyàn bá jókòó síbi tó lè gba igba, ṣe ló máa dà bíi pé àwọn tí ẹ pè kọ̀ láti wá. Yàrá ìjẹun tàbí yàrá ìwé ni kí o béèrè, kí o sì to tábìlì gígùn kan ṣoṣo. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà. Ogún èèyàn lápá kan, ogún lápá kejì, mítà 12 nìyẹn. Àárín ni kí ìwọ àti ọkọ jókòó sí, kí àwọn òbí yín kọjú sí yín. Kò sí pèpéle. Ojú tí à ń rí ara wa yẹn gan-an ni ẹwà ìnáwó kékeré.

Aṣọ orí tábìlì, èmi ni n óò mú un wá. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń hun aṣọ òkè kí aránṣọ tó rán an pọ̀. N kò ní jẹ́ kí wọ́n rán tiyín. A ó tẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ìpẹ̀kun kan tábìlì dé ìkejì, lórí igi lásán. Sányán ni ọkàn mi yàn, torí àwọ̀ rẹ̀ bá igi àti wúrà férémù mu. Ṣùgbọ́n tí ògiri bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ẹtù ló máa yọ. Kí òdòdó má ga ju àgbọ̀n ẹni tó jókòó lọ. Dahlia máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ yín nínú oṣù Kẹsàn-án. Ẹ kó wọn sínú ìgò kéékèèké, ẹ má lo fóòmù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ki òdòdó mọ́, ike ni.

Àwọn àwòrán ògiri wọ̀nyẹn kì í ṣe baba ńlá wa. Owó ṣúgà àti òwò ẹrú ló wà lẹ́yìn ilé ńlá Harewood, ní Yorkshire yín níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ sá fún ilé tí ẹ yàn. Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Òkè-Odàn tí ogun Dahomey kó ní 1848, ṣe ìgbéyàwó ní Brighton ní 1862 pẹ̀lú James Davies. Ní 2020 ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ìyàwó, tí Hannah Uzor yà, kọ́ sí Osborne, ilé Ọbabìnrin Victoria. Ojú tiwa náà yẹ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Gbé fọ́tò àwọn ìyá àgbà rẹ méjèèjì dúró lókè ibi ìyáná, láìkan ìṣó.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba àdúrà àti orin ìsìn nínú ètò ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe, nítorí náà ìdí tábìlì ni bàbá rẹ yóò ti gbàdúrà fún yín, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Onígángan méjì ti tó. Ṣáà béèrè bí ariwo ṣe lè pọ̀ tó.

Wọn yàrá náà fún mi, kí o sì ya fọ́tò ògiri rẹ̀ lọ́sàn-án, láìtan iná. Fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, torí ahunṣọ ń dúró dè mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ