Relùwéè Inú Ọgbà Ẹ̀fọ́ ní Àgbowó

Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ní kí n wá nǹkan kọ fún ti ọdún yìí, èrò àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé oríkì tàbí àlọ́ ni n ó kọ̀wé lé lórí. Ọ̀rọ̀ relùwéè ni mo gbé dé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe rò pé mo ti fi ẹ̀kọ́ Yorùbá sílẹ̀ lọ bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Relùwéè tí mò ń wí yìí kò ga ju agolo mílíìkì méjì tí a tò léra lọ. Inú ọgbà ẹ̀fọ́ kan ní àdúgbò wa ní Àgbowó ni ó ti ń sáré, ìlú kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rẹ̀. Ìlú kékeré yìí ni ó là mí lójú sí i pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò bá lè gbé sí àyè rẹ̀ gan-an, kò tíì di tirẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní Beaconsfield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣirò owó kan tí ń jẹ́ Roland Callingham kọ́ ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Bekonscot sínú ọgbà rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1929. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ń sáré láàárín àwọn ilé rẹ̀ títí di òní. Ní ilẹ̀ Holland, wọ́n ṣí Madurodam ní 1952 ní ìrántí George Maduro, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau ní 1945. Àwọn òbí rẹ̀ ni ó fi owó lélẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ẹ rí i pé eré ọmọdé nìkan kọ́ ni nǹkan kékeré. Àwa Yorùbá náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun ńlá di kékeré. Àwọn agbẹ́gilére wa ti gbẹ́ alùpùpù àti ọkọ̀ òfúrufú sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tipẹ́tipẹ́, ta ni kò sì fi agolo àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò rí ní kékeré?

Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ relùwéè ni ó dá a sílẹ̀. Wọ́n ń gbé ní òpópónà wa, wọ́n sì ti ń gbèrò láti ọjọ́ pípẹ́ pé àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò mọ bí relùwéè ayé àtijọ́ ti rí. Ilẹ̀ kan ṣófo tí gbogbo ènìyàn ń da ìdọ̀tí sí. Àwọn obìnrin àdúgbò ti pa ìdajì rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti fi gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, ewédú àti ata. Nígbà tí bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda àyè fún irin, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ṣé irin la ó máa fi jẹ iyán ni?” Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn ìjíròrò púpọ̀, a fẹnu kò pé a kò ní hú ẹ̀fọ́ kankan. Irin ni yóò gba àárín àwọn ẹ̀fọ́ kọjá, àwa ọ̀dọ́ ni yóò sì máa ro oko náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí a ṣe rí ilẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a parí iṣẹ́, ìdí tẹ̀tẹ̀ kan tí kò ga ju ìdajì mítà lọ wá dà bí igi ìrókò lórí àwọn ilé wa.

Ìwọ̀n ni bàbá fi bẹ̀rẹ̀. Irin relùwéè àtijọ́, èyí tí ó wọ Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ jìnnà síra, èyí ni mìlímítà 1,067. Àwọn tí ń ṣe relùwéè inú ọgbà ní òkè òkun a máa fi mìlímítà 45 sáàárín irin wọn. Bí ẹ bá pín 1,067 sí ọ̀nà 45, yóò kù díẹ̀ kí ó pé 24. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ni gbogbo nǹkan wa: ènìyàn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méje, ilẹ̀kùn jẹ́ mẹ́jọ. A ra àfọ́kù pákó ní ìsọ̀ onípákó ní Bódìjà fún àwọn igi tí a tẹ́ sábẹ́ irin, ajórinmọ́rin kan sì bá wa tò irin tẹ́ẹ́rẹ́ lé wọn. Mọ́tò kékeré inú ẹ̀rọ fídíò tí ó ti bàjẹ́ àti bátìrì àtùpà ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Bàbá kìlọ̀ fún wa pé bí irin bá lọ síwájú ní mítà méjì, kò gbọdọ̀ gòkè ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò máa yọ̀. Wọ́n ní kí a fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí irin ti pàdé irin, nítorí pé oòrùn a máa mú kí irin gùn sí i. Òkúta wẹ́wẹ́ ni a dà sábẹ́ rẹ̀ kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ.

Ìjà dé nígbà tí ó kan ìlú. Ìlú ti ọdún wo ni kí a kọ́? Àwọn ọmọdé ní relùwéè Móníyà ni àwọn mọ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, kìlómítà 157 láti Èkó. Bàbá ní kò lè ṣeé ṣe, nítorí pé irin ti Móníyà fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mìlímítà 1,435 ni. Lọ́dọ̀ tiwa, 60 ni yóò jẹ́ dípò 45. Ọkọ̀ kan kò lè gun irin èkejì. Bí ó ti rí ní ìlú ńlá náà ni ó rí ní ìlú kékeré. Ojú kan àwọn àgbàlagbà náà kọ́, nítorí pé àwọn kan ń fẹ́ Ìbàdàn ti 1901, nígbà tí Ọjà’ba ni òwò wà tí Dùgbẹ̀ sì wà lẹ́yìn odi, kí ibùdókọ̀ relùwéè tó fa àwọn oníṣòwò òyìnbó wá sí agbègbè ibẹ̀. Bekonscot pàápàá bá irú wàhálà yìí pàdé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi ilé ìgbàlódé kún un, kí wọ́n tó dá a padà sí ìrísí ti ọdún 1930 sí 1939.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, a mú 1965. Ìdí tí a fi mú un ni pé àwọn tí ó rí ọdún náà ṣì wà láàyè láti tọ́ wa sọ́nà. Ọdún yẹn ni wọ́n parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó ga tó mítà 105. Ní ìwọ̀n tiwa, yóò ga ju mítà mẹ́rin lọ, yóò sì yọ lókè òrùlé ilé alágbàtà tí ó wà nítòsí. Nítorí náà, ara ògiri ẹ̀yìn ọgbà ni a kùn ún sí bí ẹni pé òkèèrè ni ó wà.

Ṣùgbọ́n agbo ilé ni ó gba ìrònú jù lọ. Nínú kíláàsì, a ti kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀: ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, kàà, gbàgede, àgbàlá, ẹ̀yìnkùlé. Ìlà kan péré ni ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé wa. Amọ̀ kò gba ìlà kan. Amọ̀ ń béèrè pé báwo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ibo ni òjò orí òrùlé ń dà sí, ta ni ń kọjá níwájú yàrá ta? A lọ bẹ ìyá àgbà kan tí wọ́n dàgbà sí agbo ilé ní ìsàlẹ̀ ìlú. Agbo ilé náà kò sí mọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ìsọ̀ ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Ìyá jókòó lórí àpótí, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tọ́ka. Wọ́n ní kí etí òrùlé rẹlẹ̀ kí àlejò baà lè tẹrí ba wọlé. Wọ́n ní kí a to ìkòkò sí etí gbàgede níbi tí òjò ń dà sí. Wọ́n ní kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba ẹni mẹ́ta tí ó nà gbalaja, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń sùn bí ooru bá mú. Nígbà tí ó kan ibi àrò, ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá fi ìka ara wọn tẹ amọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Ibí ni ìyá mi máa ń dáná sí.” Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ìtẹ̀ka wọn ṣì wà lára amọ̀ náà.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ sára gbogbo nǹkan, Yorùbá nìkan, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, àwọn ọmọdé a máa ka orúkọ náà sókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọn yóò fi ìka hàn yín ibi tí ó wà. Ìyá àgbà náà a máa mú àwọn ọmọ ọmọ wọn wá ní ọjọ́ Àìkú. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè sọ fún wọn pé, “Ilé wa rèé,” kí àwọn ọmọ náà sì rí i.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, n kò ní kí gbogbo wa lọ máa ṣe relùwéè. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò náni lówó. Bí ìsinmi bá dé, tí ẹ sì padà sílé, ẹ mú okùn ìwọ̀n àti ìwé kan dání. Ẹ wọn ilé àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù ní àdúgbò yín, ẹ béèrè orúkọ igun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gbé inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí igun náà wà gan-an. Katakata kì í bèèrè orúkọ kí ó tó wó ilé.