Sitirọ́bẹ́rì Inú Oṣù Kẹjọ

Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, oòrùn ṣì ń mú nínú àwọn ọgbà ẹ̀yìnkùlé ní Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sitirọ́bẹ́rì tó máa ń so lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti so tán. Ohun tó kù lórí ebè ni ewé onímẹ́ta-mẹ́ta tí etí wọn gún bí eyín ayùn, àti àwọn ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́ pupa rúsúrúsú tó ń rákò lọ lójú ilẹ̀.

Ọmọ ewéko máa ń yọ lára ìtàkùn yìí: ewé kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta lókè, gbòǹgbò funfun kúkúrú nísàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbòǹgbò náà á di ilẹ̀ mú. Ológbà á gé ìtàkùn náà, á sì wú ọmọ tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ebè tuntun ti wà nílẹ̀, dúdú, ó rọ̀, ajílẹ̀ ti pò mọ́ ọn. Ihò kan sí èkejì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Láàárín ewé àti gbòǹgbò ni kókó líle kékeré kan wà, ojú ilẹ̀ gan-an ló sì gbọ́dọ̀ dúró sí. Bó bá wọlẹ̀ jù, á rà. Bó bá yọ sókè jù, gbòǹgbò á gbẹ. Ìka á tẹ erùpẹ̀ yí i ká, omi á sì rọra rin ín títí ilẹ̀ á fi mu ún tán.

Inú kókó yìí ni ìdí tí wọ́n fi ń gbìn ín ní Oṣù Kẹjọ wà. Láti Oṣù Kẹsàn-án, ojúmọmọ ń kúrú, afẹ́fẹ́ sì ń tutù. Ewé tuntun ń dínkù lóde, ṣùgbọ́n nínú kókó, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti ń dá, ó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Ewéko tó bá ti ta gbòǹgbò dáadáa ṣáájú ìgbà náà ló ń dá púpọ̀.

Nígbà òtútù, ewé ìta á pọ́n, á sùn sílẹ̀, ìrì dídì á sì bo etí wọn. Kókó kì í kú.

Ní Oṣù Karùn-ún, òdòdó á là: ewé òdòdó funfun pẹlẹbẹ márùn-ún yí àárín aláwọ̀ ìyeyè ká, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Èyí tí ìrì dídì bá bá lóru, àárín rẹ̀ á dúdú, kò sì ní í so. Èyí tó yè á wú, á kúrò ní àwọ̀ ewé, á funfun, á wá pọ́n yòò, wóró kéékèèké sì wà kiri ní ìta ara rẹ̀. Pòròpórò àlìkámà gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó kan ẹrẹ̀.

Àwọn mìíràn ń gbìn ní Oṣù Kẹrin. Òdòdó àkọ́kọ́ lára irú ewéko bẹ́ẹ̀, ológbà sábà máa ń já a dànù kí gbòǹgbò lè kọ́kọ́ lágbára. Èyí tó wọlẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ kò nílò ìyẹn, nítorí láti ọdún tó kọjá ló ti ní gbòǹgbò tó lè bọ́ èso rẹ̀ nínú Oṣù Kẹfà.