Ilé Géèmù Létí Adágún Winnipesaukee

Tẹ́ ẹ bá gbéra láti ìlú Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ sì forí lé apá àríwá, ó máa gbà yín tó nǹkan bíi wákàtí méjì nínú mọ́tò kẹ́ ẹ tó dé etí adágún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Winnipesaukee, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ibẹ̀ ni àdúgbò Weirs Beach wà, lábẹ́ ìlú Laconia. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìdílé máa ń wá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n á sì wọkọ̀ ojú omi. Tí wọ́n bá ṣe ìyẹn tán, ọ̀pọ̀ wọn máa ń yà sí Funspot.

Ọdún 1952 ni Bob Lawton dá Funspot sílẹ̀, ó sì jẹ́ pé 750 dọ́là tó yá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ilé alájà mẹ́ta ni. Ní 2008, ìwé Guinness sọ pé òun ni ilé géèmù tó tóbi jù lọ láyé. Àmọ́ àjà tó wà lókè pátápátá ló ń fa àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá mọ́ra. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ sí láti ọdún 1998, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àpótí pákó tó ga tó àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n ní ìlà-ìlà bí àga inú ilé ìwé. Asteroids tó jáde ní 1979 wà níbẹ̀, Pac-Man ti 1980 àti Donkey Kong ti 1981 náà sì wà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi gíláàsì bò pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọmọdé tó bá fẹ́ lè fi owó onírin wẹ́wẹ́ ibẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kó sì ta géèmù tí bàbá rẹ̀ ta nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Gíláàsì

Àmọ́ òjò ti ń pa igún bọ̀, ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ti lé ní ogójì (40) ọdún, ojú wọn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn. Irú túùbù tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n tó nídìí ńlá nígbà kan ló wà nínú wọn. Irú túùbù bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n táwọn èèyàn fi wo WNTV nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959.

Wáyà tín-ín-rín kan wà ní ọrùn túùbù náà. Tó bá gbóná, iná tí ojú ò lè rí á máa ta jáde níbẹ̀ lọ sí iwájú, ibi tí wọ́n fi èròjà lẹ́búlẹ́bú kan ra inú gíláàsì. Ibi tí iná yìí bá ti bà á ló máa tàn yòò. Nǹkan bí ìgbà ọgọ́ta (60) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná náà máa ń rìn yí gbogbo ojú gíláàsì ká, ojú wa á sì rò pé àwòrán kan ṣoṣo là ń wò.

Iṣẹ́ Tó Gba Sùúrù

Àwọn tó ń tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe máa ń mọ àrùn rẹ̀ lójú àwòrán. Tí àwòrán bá ń mì bí omi, tàbí tó ká wọ ara rẹ̀ lápá kan, wọ́n á fura sí kàpásítọ̀. Omi díẹ̀ máa ń wà nínú kàpásítọ̀ kan, ooru á sì máa gbẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, torí náà wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá sì jẹ́ pé àwòrán ń lọ tó ń bọ̀, tó sì ń padà tí wọ́n bá gbá àpótí náà, òjé tó so wáyà pọ̀ ló ti sán. Ìdí nìyẹn tí gbígbá tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi máa ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un! Wọ́n á tún òjé yọ́ sójú ibẹ̀, ó parí.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí lè pààyàn. Agbára iná tó ń wọ inú túùbù aláwọ̀ mèremère lè tó 20,000 volt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà lára ògiri. Àwọn tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Wọ́n á wá fi wáyà so súkúrùdíráfà tó ní ọwọ́ rọ́bà mọ́ irin ara túùbù, wọ́n á sì fi fa iná náà jáde. Ọwọ́ kan ni wọ́n máa ń lò, èkejì á wà lẹ́yìn tàbí nínú àpò, kí iná má bàa gba àyà kọjá. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́ni tí ò kọ́ṣẹ́ náà tú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nínú ilé yín.

Túùbù Ń Tán Lọ

Àwọn àrùn kan ò gbóògùn. Tí ẹ̀rọ Pac-Man kan bá ti wà ní títàn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ inú géèmù náà máa ń jóná mọ́ gíláàsì, débi pé ẹ lè rí i nígbà tí wọ́n bá pa á. Kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i ju pé kó wá túùbù míì.

Ibo ló ti máa rí i? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe túùbù tẹlifíṣọ̀n ti kógbá sílé. Hawk-Eye tó ń tún túùbù ṣe ní ìpínlẹ̀ Iowa ti ilẹ̀kùn ní 2010, wọ́n sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tẹlifíṣọ̀n kan nílùú Hilliard, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Torí náà, inú tẹlifíṣọ̀n táwọn èèyàn gbé síta pé kí kólẹ̀kódọ̀tí kó ni wọ́n ti ń wá túùbù. Tí wáyà tó wé mọ́ ọrùn rẹ̀ bá bá ti ẹ̀rọ géèmù mu, ó lè lajú Pac-Man kan padà.

Ṣé wọn ò lè fi tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀ ni? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í rí bákan náà. Nínú Asteroids, ńṣe ni iná fúnra rẹ̀ ń fa ìlà bí ẹni fi pẹ́ńsù yàwòrán, ọta ìbọn rẹ̀ sì máa ń tàn bí ìràwọ̀. Bákan náà, ìbọn Duck Hunt tí wọ́n fi ń pa pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣiṣẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, torí pé ara túùbù ni wọ́n ṣe é mọ́.

Owó táwọn èèyàn fi ń ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà lọ́rẹ wà lára ohun tó ń gbé e ró. Àmọ́ owó nìkan ò tó. Ó ṣì gba ẹni tó máa tẹ̀ síwájú àpótí, tó máa fara balẹ̀ wá ibi tí òjé ti sán, tó sì máa fi iṣẹ́ náà kọ́ ọ̀dọ́ kan kí ọwọ́ tirẹ̀ tó máa gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé tàbí fọ́tò ṣàlàyé bí ọta ìbọn Asteroids ṣe ń tàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ dúró síwájú túùbù tó ṣì ń ṣiṣẹ́.