Ta Ni Yóò Bá Mi Dáná Lọ́la?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi kì í ṣe ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń tètè balẹ̀. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá mọ̀. Bí wọ́n bá ní èsì ìdánwò máa jáde lọ́la, inú á ti máa run mí láti òní. Torí náà, bí ẹ bá rí i tí mò ń kọ̀wé lórí ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ wàásù. Ohun tójú mi rí lọ́dún 2022 ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ rántí ọdún náà. Ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, ọjọ́ tí àwọn olólùfẹ́ ń fún ara wọn lẹ́bùn, ni ASUU fún àwa náà ní tiwa. Oṣù kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n ní ìkìlọ̀ ni. Mo di aṣọ mẹ́rin sínú báàgì, mo fi ìkòkò àti sítóòfù mi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ a ó ti padà. Ìkòkò yẹn di ilé aáyán. Oṣù kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́jọ. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ àdéhùn ọdún 2009, wọ́n ń fa ti owó oṣù. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó, àwọn olùkọ́ ní àwọn ò padà. Mi ò dá olùkọ́ lẹ́bi o. Ẹni tí ebi ń pa, kí ló fẹ́ kọ́ mi? Ṣùgbọ́n àwa tá a wà láàárín wọn ńkọ́?

Ipele kejì ni mo wà, Food Science, iṣẹ́ ọlọ́dún márùn-ún. Bàbá mi ń kọ́ni nílé ìwé aládàáni kan. Owó oṣù wọn kì í pé, ìgbà mìíràn kì í tiẹ̀ wá rárá. Ọmọ ilé kejì wa tó lọ sí yunifásítì olówó ti ń ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù Ẹ̀bìbí, oorun ti kúrò lójú mi. Aago méjì òru á lù, màá máa wo àjà, àyà mi á máa lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Màá máa ka ọdún. Tá a bá wọlé lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ ọdún mélòó ni màá jẹ́ tí mo bá jáde? Tá ò bá wọlé ńkọ́? Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ebi pa mí, àyà mi ò sì yéé já.

Ìgbà yẹn gan-an ni obìnrin kan ládùúgbò wa yọjú. Ó ní òun ń bá àwọn ọmọbìnrin wá iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Oman. Ó ní bí wọ́n bá ṣẹ́ owó ibẹ̀ sí náírà, ẹnu á yà mí. Kí n ṣáà mú fọ́tò mẹ́rin àti owó pásípọ́ọ̀tù wá, ìyókù di orí òun, màá máa san án díẹ̀díẹ̀ tí mo bá débẹ̀. Mi ò gọ̀ o. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n ń sunkún nínú fídíò. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ò bá tíì sùn dáadáa fún oṣù méjì, ewu tó wà lókèèrè máa ń dà bí ìsinmi. Mo ya fọ́tò náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Bàbá mi ló ní kí n lọ bá màmá àgbà lábúlé wọn lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, pé ọrùn ọwọ́ ń dùn wọ́n. Gààrí ni wọ́n ń ṣe tà. Mo ní kò burú, màá fi ibẹ̀ dúró de ìpè obìnrin yẹn.

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jí mi. A ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rù ú lọ sídìí ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó di ẹnu rẹ̀, a ó gbé òkúta lé e. Ibẹ̀ ló máa wà fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, omi á máa kán lára rẹ̀, òórùn kíkan á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Gààrí Ìjẹ̀bú ni, bí kò bá pẹ́ nínú àpò, kò lè kan. Èmi tí ara mi kì í gbà á, màá lọ máa fọwọ́ tẹ àpò wò. Màmá á ní, "O tún ti débẹ̀? Àpò yẹn ò ní sá lọ."

Yíyan rẹ̀ ni mo wá fẹ́ràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò yan gààrí rí, ẹ má rò pé eré ni. Èéfín á wọ̀ yín lójú, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó yín láwọ̀. Ẹ ó fi àfọ́kù igbá tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, ẹ ó fà á padà, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbójú kúrò pẹ́nrẹ́n, ó ti jóná. Lọ́jọ́ kan, bóyá ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje, mo ṣàdédé rí i pé mo ti jókòó sídìí agbada fún bíi wákàtí méjì, mi ò sì tíì ka ọdún mi lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ mi.

Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin yẹn pè. Ó ní kí n mú owó wá kó tó di ọjọ́ Àìkú, pé àwọn tó kù ti san tiwọn. Mo ní mo gbọ́. Lálẹ́, mo ro gbogbo ẹ̀ fún màmá. Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á pariwo, wọ́n á ní kí n gbé fóònù, kí n pe bàbá mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń fi òrí pa ọrùn ọwọ́ wọn. Wọ́n béèrè pé ṣé òkè òkun ni Oman wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n béèrè pé ṣé wọ́n ń jẹ gààrí níbẹ̀. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún dákẹ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Àpò ọjọ́ Ajé ti tó yan. Ta ni yóò bá mi dáná lọ́la?"

Wọn ò ní kí n má lọ. Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwé, kò sẹ́ni tó retí mi níbikíbi láago kankan? Mo ní, "Èmi ni, mà."

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún nígbà tí mo wà nídìí agbada. Mi ò gbé e. Mi ò lè pè é ní ìgboyà, ká má parọ́ fúnra wa. Ọwọ́ mi ló dọ̀tí, gààrí sì wà lórí iná. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, mo pa fóònù.

Mi ò ní sọ pé ó tán síbẹ̀ o. Lóṣù Ọwẹ́wẹ̀, nígbà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ dí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n tún lọ dí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó, inú bí mi pé mi ò sí níbẹ̀, oorun sì tún sá fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, la gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró. Mo fò sókè, mo kígbe. Màmá ní, "O kú oríire o. Àpò méjì ṣì wà nílẹ̀." A yan án tán kí n tó di ẹrù mi.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá ní ipele kejì ò padà wá mọ́. Irun ló ń tà l'Ékòó. Ó ní nǹkan ń lọ dáadáa. Ìgbà mìíràn mo máa ń gbà á gbọ́.

Ní ipele kẹta ni lẹ́kítọ̀ kan wá kọ́ wa pé ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ linamarin, pé májèlé sáyánáìdì ló ń tinú rẹ̀ jáde bí wọ́n bá ti lọ ẹ̀gẹ́, pé fífi í sílẹ̀, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan rẹ̀ ló ń lé májèlé náà lọ. Ó ní ẹni tó bá kánjú sí i lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Mo rántí àpò tí kò ní sá lọ, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Wọ́n ní kí n jáde.

Ọdún tí mo máa parí rèé. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023, owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ sílé ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, gbogbo wa la sì mọ bí owó ilé ìwé ṣe rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méjì òru, mo gbọ́ tí ọmọ ipele kìíní tó wà nínú yàrá wa ń yí síbí yí sọ́hùn-ún. Mo béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní kò sí, pé òun kàn ń ronú bóyá kí òun kúkú máa lọ sílé ni. Mo dìde. Mo fa báàgì gààrí màmá yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bu ìkúnwọ́ mẹ́rin sínú abọ́, mo da omi sí i. Ẹ̀pà ò sí, ṣúgà ti tán. Ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ kan, ó ní ó mà kan o, Àǹtí. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, mo sọ fún un pé mo ní kíláàsì aago méje, pé fóònù mi ò ní iná, kò lè jí mi.

Mo ní, "Ta ni yóò jí mi?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Màá jí yín," ló ní.