Gbèsè Tíṣà

Ní ìparí ọdún 2024, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìdínlógún kan nílùú Ìbàdàn gba ìwé pé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan ti gbà á wọlé láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ni àbígbẹ̀yìn ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, àti ti bàbá rẹ̀, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà. Ayọ̀ náà kò ju alẹ́ ọjọ́ kan lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá jókòó ti ìṣirò: owó ilé-ẹ̀kọ́, owó yàrá, aṣọ funfun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń wọ̀, ìwé, owó ọkọ̀. Èrè orí àpò èlùbọ́ tó ń wá láti Ṣakí, bí ó ti wù kí ọjà yá tó, kò lè dé ìdajì rẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣẹ́ kù. Ọmọ náà ti gbọ́ nípa ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àjọ tí a mọ̀ sí NELFUND ń bójú tó, tí wọ́n sì ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù karùn-ún ọdún náà. Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Ìyá kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

“N kò bí ọmọ fún gbèsè,” ni ó wí.

Kí á má tètè dá a lẹ́bi. Àwọn obìnrin Bódìjà kò ka gbèsè sí ohun àjèjì. Wọ́n ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Òkè-Ògùn, wọ́n sì ń san án bí ọjà bá ti tà. Ẹni tí a kò fọkàn tán ni a kì í dá ọjà fún láwìn. Ohun tí ìyá yìí ń sá fún ni owó tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà, èyí tí a ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Obìnrin kan tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra yá irú rẹ̀ ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí owó kò pé, àwọn tó wá gba owó jókòó síwájú ìsọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí ọjà fi tú, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ sókè. Obìnrin náà kò wá sọ́jà mọ́. Láyé àtijọ́, ológò là bá pe irú wọn, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Bí kò bá jáde, wọ́n lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà: ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, owó gan-an yóò sì wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Ó ti pẹ́ tí òfin ti fòpin sí ìwọ̀fà. Síbẹ̀, nígbà tí ìyá gbọ́ pé orúkọ ọmọ òun ni wọn yóò kọ sínú ìwé gbèsè, kì í ṣe orúkọ tòun, ohun tí ó gbọ́ nìyẹn.

Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó lọ tẹ òfin náà jáde lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà, ó sì ń kà á fún ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ó ti ń lọ, ó sì ń fi ohun tí ó ti gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kún un. Owó náà kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún. 20,000 náírà lóṣù ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa rí gbà fún àtijẹ àtimu. Kò sí ẹni tí yóò béèrè kọ́bọ̀ títí ọdún méjì yóò fi pé lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Láti ìgbà náà, nínú gbogbo 100 náírà tó bá jẹ́ owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ 10. Bí kò bá ríṣẹ́, yóò búra sínú ìwé pé òun kò ríṣẹ́, yóò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú sùúrù fún òun. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni ó ń dúró de ẹni tó bá búra èké. Bí ẹni tó yá owó bá kú, wọ́n lè pa gbèsè náà rẹ́. Ìyá ṣe àmín sí òdìkejì rẹ̀, ó ní kí ó máa kà á lọ.

Ẹni tó bá mọ iye tí gaàrí àti ìrẹsì ń jẹ́ mọ̀ pé 20,000 náírà kò lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé òpin oṣù. Owó yàrá kò sì sí nínú rẹ̀. Ìyá kò bínú sí èyí. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi àìtó ṣe títọ́. Ohun tí ó ń béèrè ni ẹni tí yóò wá gba owó náà padà, àti irú ojú tí yóò gbé wá.

Ẹni tó ṣe ilé ní kàyéfì ni Tíṣà. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ìròyìn kan kọjá lórí rédíò láìsọ tirẹ̀ sí i kò dá sí èyí rárá. Bí ọmọ bá ti mú ìwé náà jáde báyìí, bàbá yóò rántí pé òun ní ẹnì kan láti rí ní òpin àdúgbò.

Ó ní ìdí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó kan tó ṣáájú èyí. Òfin náà le. Ọmọ ilé tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò tó 500,000 náírà nìkan ni ó wà fún, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá, irú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba onípele kejìlá tàbí agbẹjọ́rò tó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Aráàlú pariwo lórí méjèèjì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí Tíṣà gbọ́, tí kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti yáwó rí tí kò san án kò ní rí tirẹ̀ yá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fagi lé òfin ọ̀hún, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ iye tó ń wọlé kúrò, wọ́n yọ onídùúró, wọ́n sì yọ gbèsè àwọn òbí. Tíṣà kò gbọ́ apá yìí.

Ó gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń jáde lọ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kà á pé wọn kò ní tìtorí ẹ̀yáwó tí òbí kan ti jẹ rí lé ọmọ rẹ̀ padà. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ó tún un kà, kí ó kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ti kọ ọ́. Ó tún un kà. Tíṣà padà wá jókòó.

“Èmi ni wọ́n ń sọ,” ni ó wí.

Ọdún 1955 ni wọ́n bí Tíṣà, ọdún tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Bàbá rẹ̀ kò sanwó fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; kòkó ni ó rán an lọ sí girama. Nígbà tí ó wọ yunifásítì ní ọdún 1976, igi kòkó ti gbó, ẹni tó ni í náà sì ti darúgbó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1972 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Tíṣà kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì yá a. Ó fi jẹun, ó fi ra ìwé. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjọba fi owó kún owó oúnjẹ àti ibùgbé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta ní gbogbo orílẹ̀-èdè pẹ̀lú igbe “Ali Must Go,” ó wà láàárín wọn. Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjò, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, nínú rògbòdìyàn náà. Títí di òní, ohùn Tíṣà máa ń yí padà bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Ìran tó fi àyà gba ìbọn nítorí owó oúnjẹ ni, kò sì yẹ kí á gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìran kan náà ni kò san owó tí wọ́n yá.

Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, ó ríṣẹ́ olùkọ́. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ àjọ náà. Ó kà á, ó fi í sínú àpótí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kò sì kọ̀wé sí wọn pé òun ti kúrò níbi tí wọ́n mọ̀. Lẹ́tà kejì kò dé. Gbogbo owó náà kò ju 800 náírà lọ. Nígbà tí ó yá a, náírà ní agbára. Lónìí, kò lè ra kóńgò èlùbọ́ kan nínú ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀bi náà kò pin sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjọba tó yá ni lówó tí kò mọ ilé ẹni kò múra àtigbà á, nígbà tí náírà sì ṣubú lẹ́yìn ọdún 1986, owó olùkọ́ kò tó olùkọ́ jẹun. Àjọ náà kò rí owó tó yá ènìyàn gbà padà, kò sì rí èyí tí yóò tún yá ẹlòmíràn. Wọ́n fi òfin dá báǹkì ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti rọ́pò rẹ̀. Èyí náà kò rìn jìnnà. Àwọn tó jẹ gbèsè ti wọlé, wọ́n ti kàwé, wọ́n ti jáde kí ilẹ̀kùn tó tì.

Àkọ́bí Tíṣà wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn náà tì mọ́ ìta. Ó wọ yunifásítì ní ọdún 2004, ó fi í sílẹ̀ ní ọdún kejì nítorí owó. Kò sí ibi tí ó ti lè yá. Ó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, Èkó ni ó sì ń gbé báyìí. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ó ń ṣépè fún ìjọba, Tíṣà ń bá a sọ pé kí ó mú ọkàn le.

“Tíṣà, ẹ̀yin náà?” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Gbogbo ọdún tí mo ti ń sá fún gbèsè, inú ilé ni mo ń sá sí?”

Ó pa òwe kan dé ìdajì, èyí tó dá lórí àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ó sì gbé ìyókù mì nítorí pé ọmọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó ju “oúnjẹ ti délẹ̀” lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó pe ọmọ rẹ̀ sí ìsọ̀. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni yóò wá jókòó síwájú ilé. Ọmọ ní rárá. Wọn kò ní fi ẹsẹ̀ wá. Nọ́ńbà NIN àti BVN tí òun máa kọ sínú fọ́ọ̀mù yóò máa bá òun kiri títí ayé, láti ibi owó oṣù ni wọn yóò sì ti yọ ọ́ kí ó tó dé ọwọ́ òun. Ìyá rò ó díẹ̀. Ó ní ìyẹn sàn ju kí wọ́n máa pariwo orúkọ ènìyàn lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè èyí tó ṣòro jù: bí owó oṣù kò bá wá sí ńkọ́? Ọmọ náà kò rí èsì fún un nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde, àyàfi ìbúra yẹn. Ìyá ní kí ó kọ ọ́.

Owó náà kò tètè dé, ilé-ẹ̀kọ́ sì ní ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ṣèdánwò. Èésú tó kan ìyá ní oṣù náà ni wọ́n fi san án, wọ́n sì ń retí kí ilé-ẹ̀kọ́ dá a padà nígbà tí ti ìjọba bá wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó ni ó san owó yàrá.

Ní ọjọ́ tí ó kọ fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, Tíṣà jókòó tì í pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, ó ń ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní kí ó wò ó dáadáa bóyá ibì kan wà lójú ewé náà tí ẹni tó jẹ àjọ àtijọ́ yẹn lówó ti lè san tirẹ̀. Ọmọ náà wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀.