Ìdúróṣinṣin Ìgbàgbọ́ Kristẹni ní Àkókò Ìdààmú: Àgbéyẹ̀wò láti Gàmbàrí ní Ìlọrin

Ìgbàgbọ́ Kristẹni kì í sábà yẹ̀ lọ́jọ́ tí àjálù bá dé lójijì, nítorí pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìjọ a máa péjọ, wọn a gbààwẹ̀, wọn a sì gbàdúrà. Ohun tí ó máa ń jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀ ni àìfararọ tí ènìyàn kò mọ ìgbà tí yóò tán. Ibi tí a ti lè rí èyí kedere ni Gàmbàrí, ọ̀kan nínú àdúgbò mẹ́rin tí ó ní balógun tirẹ̀ ní Ìlọrin, pẹ̀lú Fúlàní, Ajíkòbí àti Àlànàmú. Gàmbàrí ni àwọn tí ó ti ilẹ̀ Haúsá wá tẹ̀dó sí, tí àwọn ọmọ wọn sì di elédè Yorùbá. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà láàárín ẹlẹ́sìn mìíràn ni a ti ń dán ìgbàgbọ́ Kristẹni tí ó ń gbé tàbí tí ó ń tajà ní àdúgbò náà wò.

Ojú àìfararọ náà kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìyẹn owó tí kì í jẹ́ kí epo wọ́n jù fún aráàlú, ni owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti fò sókè. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kejì ọdún 2021, àríyànjiyàn lórí híjáàbù, ìbòrí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí, mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti ilé ẹ̀kọ́ 10 tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ ní Ìlọrin pa fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Christ Apostolic Church (CAC) kan ní Erukú, ní ìpínlẹ̀ kan náà, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó olùjọsìn 38 lọ, tí a kò rí gbà padà títí di ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Inú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọ CAC ti dìde. Wòlíì ìjọ náà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí wọ́n bí ní ọdún 1904 ní Òdó-Ọ̀wá, tí ó wà ní Kwara lónìí, ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà nígbà tí ó ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní ọdún 1928. Ìsọjí, èyí tí í ṣe ìtanijí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìjọsìn, bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, lásìkò tí owó kòkó ń já wálẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Ìbíní ní ọdún 1932, síbẹ̀ àwọn aládùúrà, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi àdúrà ṣe òpó ìjọsìn wọn, kò dẹ́kun ìpàdé òwúrọ̀ àti ààwẹ̀ wọn.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ṣùgbọ́n ewu méjì ń dúró de ẹni tí sùúrù rẹ̀ bá tán. Èkíní ni kí ó máa ti ọ̀dọ̀ wòlíì kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn, kí ó sì fún Ọlọ́run ní gbèdéke. Èkejì, tí ó burú jù, ni kí ẹ̀rù rẹ̀ di ìkórìíra sí aládùúgbò. Bíbélì fi ọ̀nà mìíràn hàn: ìgbà ìgbèkùn ni wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn Júù tí ó wà ní Bábílónì pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà.

Ní Gàmbàrí, bí ìrun Jímọ̀ bá tó ní ọjà, tí oníṣòwò Mùsùlùmí fi aṣọ bo ọjà rẹ̀, Kristẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lè bá a dá oníbàárà lóhùn, tí yóò tà á ní iye tí ó fi lélẹ̀, tí yóò sì kó owó rẹ̀ sínú agolo ọ̀tọ̀. Ẹni tí ìròyìn Erukú dé etí rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ṣì ka owó aládùúgbò rẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́, kò tíì yẹsẹ̀ nínú ìgbàgbọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ààbò lọ́wọ́ ìjọba, kí ó sì béèrè rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú.